Ẹ̀jẹ̀ Orí Pákò

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo rí i,
pákò bàbá mi lẹ́bàá kànga,
ibi tí ó jẹ lórí rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn.
Ó ti wa iyanrìn bo itọ́ tí ó tu
bí ológbò tí kò fẹ́ kí ilé gbọ́.

Fámúrewá, afunfèrè ìjọ wa l'Ókèsà,
fèrè idẹ tí ń jí àkùkọ lọ́jọ́ Àjíǹde,
eyín iwájú mẹ́ta ń mì lẹ́nu rẹ̀
bí òpó ọgbà tí ikán ti jẹ nídìí.

Mo fa dúrọ́ọ̀. Mo ka oògùn.
Mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù tí kò yẹ kó ṣẹ́ kù.
"Bàbá, oògùn ọkàn yín ńkọ́?"
"Ùwọ ọmọ yìí! Oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ ó dì,
ṣé òun kọ́ ló ń tú èrìgì mi dà sílẹ̀?
Mo ní kó lọ sinmi."

Kó lọ sinmi!
Ẹni tí àyà rẹ̀ há léṣìí
lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, fèrè lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí bàbá bàbá mi ì bá ṣe gbọ́ ọ,
òun tó ru aṣọ láti Iléṣà dé Kàbà.
Òṣómàáló ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀,
wọ́n kéré ju eruku lọ.
Bí ara bá ya, wọ́n á sáré dé,
wọ́n á lóṣòó sójú ọgbẹ́, èjìká kan èjìká:
a ò dìde, àfi bí ẹnu yìí bá pa dé.
Ó dáa bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lóṣòó sínú iṣan ọkàn,
tí wọ́n dínà mọ́ onílé,
ilé ọ̀hún tú nìyẹn.
Oògùn funfun yẹn ló ń bẹ̀ wọ́n:
ẹ dìde díẹ̀, ẹ jẹ́ kọ́nà là.

Ohun tí kì í jẹ́ n sùn n'Ífẹ̀ nìyí:
òṣómàáló kì í lóṣòó lọ́wọ́ òfo.
Nínú ẹrù wọn ni lẹ́tà wà
tí wọ́n fi ń pe sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀,
àwọn bíríkìlà tí kò tíì yan iṣẹ́,
tó lè di egungun, tó lè di èrìgì.
Bí a bá ní kí òṣómàáló dìde,
ta ni yóò jíṣẹ́ fún bíríkìlà?

Mo gbin wọ́n, láti ìdí eyín tí a yọ.
Mo fa ìlà kan la àárín wọn já
bí ẹni fi ṣíbí la ẹ̀kọ tútù.
Omi lásán sí àwo kìíní,
oògùn díẹ̀ sí ìkejì, púpọ̀ sí ìkẹta.
Iná lọ lóru. Mo gbàdúrà fún jẹnẹrétọ̀.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ti àwo kejì
ti rìn pàdé ara wọn lórí ìlà náà.
Àwọn tìkẹta ká jọ, wọn ò yíjú sẹ́nì kan.
Mi ò pariwo. Àwo kì í ṣe ẹnu:
kò sí itọ́ níbẹ̀, kò sí obì,
kò sí ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Mo mú un lọ bá Dókítà Ẹ̀rínfọlámí.
Ó ha ìdí eyín rẹ̀, ìdọ̀tí tó ti le bíi kọnkéré
ń já bọ́ sínú abọ́, kó, kó, kó.
Ó fi òwú tẹ̀ ẹ́, ó ń ka ìṣẹ́jú.
"Bàbá, oògùn kọ́ ló dájà yìí sílẹ̀.
Àṣírí ni oògùn tú.
Ẹ má dá a dúró mọ́ láìbi wá."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé e mì níwájú mi,
ó la ẹnu, ó na ahọ́n bí ọmọdé: ṣó o rí i?
Fèrè ṣì wà nínú àpótí.
Ẹnu rẹ̀ nìkan ló yọ, ó gbé e kan ètè,
kò fun ún.

Nínú ọkọ̀, a ń kọjá l'Ọ́ṣú,
mo ń fi ahọ́n ka eyín tèmi.
Àwo kẹrin wà nínú àpótí ìgbóná.
Lẹ́tà kan ni mo kọ sí ìdérí rẹ̀: F.